Fáìlì ẹjọ́ yín, ọ́fíìsì wo ló wà? Bí a ṣe ń gba ìwé kóòtù ní Houston àti àyíká rẹ̀

Bí ẹ bá ti kọ ọkọ tàbí ìyàwó sílẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, tí ẹ wá fẹ́ kọ̀wé mú ẹni tuntun wọlé láti Nàìjíríà, ìmígírésọ̀n á béèrè ìwé tó fi hàn pé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ti tú. Bí ọlọ́pàá bá ti mú yín rí, ì báà jẹ́ fún wákàtí díẹ̀, tí ẹ wá ń kọ fọ́ọ̀mù N-400 láti di ọmọ ìlú, wọ́n á béèrè ohun tí kóòtù sọ gbẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo máa ń bá àwọn lọ́yà wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tó ń dá àwọn èèyàn wa dúró jù kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe òyìnbó tó le. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri, láì tíì mọ ọ́fíìsì tí fáìlì wà.

Káúntì, ìyẹn àwọn ìpín tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ kan sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Texas ní káúntì 254, kálukú ló sì ń tọ́jú ìwé tirẹ̀. Pé wọ́n kọ Houston sí àdírẹ́sì yín kò sọ pé Harris County lẹ wà. Ìlú Katy nìkan bọ́ sínú káúntì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Missouri City náà, apá kan wà ní Fort Bend, apá kan sì wà ní Harris. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀sùn ọlọ́pàá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni fáìlì wà, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí Dallas tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà I-45 nítòsí Huntsville, Walker County ló ti máa rí ìwé rẹ̀. Ó lè wá gbogbo ìkànnì Harris títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn káúntì ló kan ọ́fíìsì. A mọ̀ nílé pé kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ní rẹ́jísírì tirẹ̀, ibẹ̀ la sì ń kọ lẹ́tà sí bí a bá fẹ́ CTC, ẹ̀dà ìwé tí kóòtù lu òǹtẹ̀. Ní Texas, akọ̀wé tí ará ìlú dìbò yàn ló ń tọ́jú ìwé fún ọ̀pọ̀ kóòtù pa pọ̀, méjì sì ni àwọn akọ̀wé yìí ní àwọn káúntì ńlá. District Clerk ló ni ìkọ̀sílẹ̀, ẹjọ́ ọmọ àti owó ìtọ́jú ọmọ, ẹjọ́ owó ńlá, àti ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo. County Clerk ló ni ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìhágún àti ọ̀rọ̀ ogún, ìwé ilẹ̀ àti ilé, orúkọ tí ẹ fi ń ṣòwò, àti ẹjọ́ owó tó wà ní àwọn kóòtù tí wọ́n ń pè ní county civil courts at law.

Ibì kan wà tó máa ń tú àwọn èèyàn wa ká. Ẹ̀sùn kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní misdemeanor, ọwọ́ County Clerk ló máa ń wà ní ọ̀pọ̀ káúntì, Fort Bend náà sì wà lára wọn. Ní Harris, District Clerk ló ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó wúwo. Ẹni tí wọ́n mú ní Sugar Land, ní Fort Bend, àti ẹni tí wọ́n mú ní Alief, ní Harris, lè jẹ ẹ̀sùn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ìwé wọn má sí ní irú ọ́fíìsì kan náà.

Kí onílé fẹ́ lé ayálégbé jáde, kí wọ́n máa fa ara wọn lórí owó tí kò kọjá $20,000, kóòtù Justice of the Peace nìyẹn, akọ̀wé kóòtù náà gan-an sì ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìrìnnà tí ọlọ́pàá ìlú Houston kọ wà ní Municipal Court ti ìlú. Èyí tí kọ́ńsítébù tàbí ṣẹ́rífù kọ máa ń wà ní Justice of the Peace. Ẹ wo orí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ kóòtù síbẹ̀. Ẹjọ́ ẹni tí kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní bankruptcy, kò sí ní káúntì rárá, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ló wà, PACER sì ni ìkànnì tí ẹ máa fi wá a: sẹ́ǹtì mẹ́wàá lórí ojú ìwé kan, kò ní ju $3 lọ lórí ìwé kan ṣoṣo, bí gbogbo rẹ̀ kò bá sì ju $30 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn kì í gba owó náà.

Ẹ ò nílò lọ́yà láti wo fáìlì kóòtù. Òfin Texas sọ pé kí ìwé tó wà lọ́wọ́ County Clerk ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àfi èyí tí òfin tàbí adájọ́ bá tì pa. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá, ẹlòmíràn lè kà á ní Texas. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ní New York, níbi tí ó ti jẹ́ pé tọkọtaya náà àti lọ́yà wọn nìkan ló lè rí i gbà, láìjẹ́ pé adájọ́ pàṣẹ. Gbígba ọmọ tọ́ àti ẹjọ́ ọmọdé ni wọ́n máa ń pa mọ́ ní ibi púpọ̀.

Ó wá kan orúkọ, ibẹ̀ ni ẹ ti nílò sùúrù. Kọ̀ǹpútà kóòtù kò mọ Yorùbá. Ṣọlá lè wọlé bíi Sola, ó lè wọlé bíi Shola. Olúwafúnmiláyọ̀ lè di Funmi nínú fáìlì kan, kó sì di Oluwafunmilay nínú òmíràn nítorí pé àyè tán. Orúkọ tó ní àmì ìdàpọ̀ láàárín, akọ̀wé kan á kọ ọ́ pọ̀, èkejì á fi àlàfo sí i, ẹ̀kẹta á sọ ìdajì rẹ̀ di orúkọ àárín. Àwa náà sì máa ń dá kún un: orúkọ ìdílé la fi ń ṣíwájú nínú fọ́ọ̀mù nílé, àṣà yẹn tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ wa dé ibí, ni orúkọ bàbá bá di orúkọ àbísọ nínú fáìlì.

Nítorí náà, ẹ má tẹ gbogbo orúkọ sí i. Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ orúkọ ìdílé, ẹ wo ohun tó jáde, ẹ wá yí orúkọ padà, kí ti iwájú lọ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹ wá orúkọ ẹnì kejì náà, nítorí pé wọ́n lè ti kọ ti tirẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí i, ẹ má tíì yọ̀. Adébáyọ̀ Johnson pọ̀ ní Houston. Ẹ wo àdírẹ́sì, ẹ wo ọdún, ẹ wo orúkọ ẹnì kejì nínú ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sílẹ̀, cause number ni wọ́n ń pè é. Ní District Clerk ti Harris, nọ́ńbà ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n pe ẹjọ́ náà. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà orúkọ.

Àwọn kan máa ń gbà yín níyànjú pé ìkànnì tó bá parí sí .gov nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìmọ̀ràn yẹn á ṣì yín lọ́nà ní Harris. hcdistrictclerk.com ni ìkànnì District Clerk, cclerk.hctx.net sì ni ti County Clerk. Àwọn tó ń ta ìwé ẹ̀sùn ẹni fún ẹni lórí Google, tí wọ́n á gba káàdì yín, tí wọ́n á sì máa gé owó lóṣooṣù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n tà fún yín kò ní òǹtẹ̀ kankan, ìmígírésọ̀n kò sì ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà tí ẹ tẹ̀ jáde láti orí ìkànnì dára fún kíkà nìkan. Èyí tó yẹ kí ẹ gbà ni èyí tí akọ̀wé fọwọ́ sí tó sì lu òǹtẹ̀, certified copy. District Clerk ń gba $1 lórí ojú ìwé kan. County Clerk ń gba $1 kan náà, pẹ̀lú $5 fún ìfọwọ́sí. Ẹ lè lọ sí 201 Caroline ní àárín ìlú Houston fúnra yín. Bí ẹ ò bá lè lọ, ẹ béèrè rẹ̀ lórí ìkànnì tàbí nínú lẹ́tà, kí nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ àwọn méjèèjì àti orúkọ ìwé tí ẹ ń fẹ́ gan-an wà nínú rẹ̀. Ẹ má kọ pé “gbogbo fáìlì.” Fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ tí wọ́n jà dáadáa lè ju igba ojú ìwé lọ, gbogbo rẹ̀ lẹ máa sanwó fún.

Ìwé wo wá ni kí ẹ béèrè? Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ohun tí kì í ṣe òun ránṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, Original Petition for Divorce, ní òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé lókè, ó ní orúkọ tọkọtaya, ó ní nọ́ńbà, ó rí bí ìwé gidi. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Texas kì í sábà tú ìgbéyàwó kí ọjọ́ 60 tó pé lẹ́yìn tí ìwé yẹn wọlé, ẹjọ́ mìíràn sì wà tí wọ́n pè tí kò parí láé. Final Decree of Divorce ni ẹ ń fẹ́. Ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn, ẹ wo ibi tí adájọ́ fọwọ́ sí àti ọjọ́ tó kọ síbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ṣófo, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lọ́yà nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́.

Ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Òfin Texas kò jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ aya tàbí ọkọ sílẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn kí ọjọ́ 31 tó pé lẹ́yìn ìdájọ́, àfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Ẹ gbé ọjọ́ ìdájọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun, ẹ kà á kí ìmígírésọ̀n tó bá yín kà á. Bí ó bá ti wọ ara wọn, lọ́yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí.

Ẹlòmíràn á ní òun ti kọ̀wé sí Austin, olú ìlú Texas, wọ́n sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí òun. Ohun tí ìpínlẹ̀ ní lórí ìkọ̀sílẹ̀, láti ọdún 1968 síbí, kò ju lẹ́tà ẹ̀rí lọ: pé wọ́n rí i nínú àkọsílẹ̀ wọn. Lẹ́tà yẹn wúlò fún ẹni tí kò mọ káúntì tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìdájọ́.

Ní ti ẹ̀sùn ọlọ́pàá, ohun tí mò ń gbọ́ lórí fóònù kì í yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ yẹn ti kú o, wọ́n ti da á nù. Kí ni wọ́n tún ń béèrè lọ́wọ́ mi?” Mo máa ń dáhùn pé, “Àbúrò, ìwé tó sọ pé ó ti kú yẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè.” Disposition ni wọ́n ń pè é: ìwé tó sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín àti bó ṣe parí. Bí wọ́n bá da ẹjọ́ nù, ẹ gba ìwé ìdanù. Bí ọlọ́pàá bá mú yín tí wọn kò sì gbé yín dé kóòtù, ẹ bẹ ọ́fíìsì tó mú yín tàbí kóòtù pé kí wọ́n kọ ọ́ fún yín pé wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kàn yín. “Wọn ò rí nǹkan lórí ìkànnì” kì í ṣe ìwé.

Ọ̀rọ̀ méjì tí lọ́yà ẹ̀sùn máa ń sọ ní Texas tún wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Àkọ́kọ́ ni deferred adjudication, níbi tí adájọ́ ti dá ìdálẹ́bi dúró, tó sì ní kí ẹni náà pa àwọn òfin kan mọ́ fún àkókò kan. Ẹni tó gbà á máa ń lọ sílé pẹ̀lú èrò pé wọn kò dá òun lẹ́bi, Texas sì lè gbà bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Òfin ìmígírésọ̀n kò gbà. Bí ẹni náà bá ti sọ pé òun jẹ̀bi tàbí pé òun kò jiyàn, tí adájọ́ sì fún un ní ìyà kékeré kan, ì báà jẹ́ pé kó máa wá jábọ̀ lóṣooṣù, ìdálẹ́bi ni wọ́n ń kà á sí lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Èkejì ni píparẹ́ ìwé, expunction. Bí adájọ́ bá ti pàṣẹ rẹ̀, ọ́fíìsì máa ń pa fáìlì run tàbí kí wọ́n dá a padà. N-400 ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ náà, bí ó tiẹ̀ ti parẹ́. Nítorí náà ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí lọ́yà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ píparẹ́, nítorí pé lẹ́yìn náà akọ̀wé kò ní nǹkan kan láti fún yín. Ẹ tọ́jú méjì.

Bí ẹ bá wá gba ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ yín, tí ẹ sì rí i pé wọ́n ṣi orúkọ yín kọ, tàbí pé ọdún ìgbéyàwó tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe òun, ẹ má bá akọ̀wé jà ní kàńtà. Kò lágbára láti fi bíírò tún ìwé adájọ́ ṣe. Kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ni ẹ máa padà sí, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe judgment nunc pro tunc, èyí tí wọ́n fi ń tún àṣìkọ ṣe láì yí ìdájọ́ padà. Kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó kàn ń kábàámọ̀ ohun tó gbà nínú ìpínhùn. Bí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ District Clerk, ti àtijọ́ àti ti àtúnṣe, kí òǹtẹ̀ wà lára méjèèjì.