Dada Masilo

Dikeledi Masilo, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dada Masilo (ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1985 sí ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024), jẹ́ oníjó àti aṣètò ijó ọmọ orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfríkà. Ohun tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni bó ṣe ń mú àwọn eré báléètì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń tú wọn palẹ̀, tó sì ń fi ijó ilẹ̀ Áfríkà tún wọn tò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jó ipa olú-ẹ̀dá-ìtàn nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Soweto ni wọ́n bí i sí. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àdúgbò kan ló kọ́kọ́ ń bá jó kó tó wọ Dance Factory ní Johannesburg, níbi tó ti kọ́ báléètì àti ijó ìgbàlódé. Lẹ́yìn náà ló lo ọdún méjì ní P.A.R.T.S., ilé ẹ̀kọ́ ijó tí aṣètò ijó Anne Teresa De Keersmaeker dá sílẹ̀ ní Brussels, ní Belgium. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ijó tirẹ̀.

Swan Lake

Romeo and Juliet (2008) àti Carmen (2009) ló ṣáájú, ṣùgbọ́n Swan Lake (2010) ló gbé orúkọ rẹ̀ kọjá òkun. Nínú eré àtijọ́ tí Tchaikovsky, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ orin rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Moscow lọ́dún 1877, ọmọ ọba kan, Siegfried, nífẹ̀ẹ́ Odette, ọmọbìnrin tí oṣó kan sọ di ẹyẹ. Lọ́wọ́ Masilo, àwọn òbí ló fẹ́ Odette fún Siegfried, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ Odile, tó jẹ́ ọmọbìnrin oṣó náà nínú eré àtijọ́, ni ọkàn ọkọ ìyàwó wà, ọkùnrin sì ni Odile ti Masilo. Bí eré náà ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìkórìíra àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àti nípa àrùn éèdì.

Tọkùnrin tobìnrin ló wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ̀ yí ìbàdí ká, wọn ò sì wọ bàtà. Odile ló ń dúró ṣánṣán lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà báléètì. Ibi tó yẹ kí ẹni tó mọ ijó tẹjú mọ́ nìyí: apá àti ọrùn ṣì ń tẹ̀ lé òfin báléètì, wọ́n gùn, wọ́n sì rọ̀, àmọ́ láti ìbàdí sísàlẹ̀, orúnkún tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ń kì mọ́lẹ̀, ìdí ń yí. Oníjó kan náà ló ń ṣe méjèèjì pọ̀, eré sísá ló sì fi ń ṣe é. Ó jọ pé ìyára yìí ló le jù fún ẹni tó bá fẹ́ jó iṣẹ́ Masilo.

Giselle

Giselle (2017) ni a lè pè ní iṣẹ́ rẹ̀ tó gbó jù. Nínú eré tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1841, Giselle, ọmọbìnrin abúlé kan, kú nítorí pé ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Albrecht tàn án jẹ, síbẹ̀ òkú rẹ̀ dárí jì í, ó sì gbà á lọ́wọ́ àwọn iwin Wili, ìyẹn ẹ̀mí àwọn ọmọbìnrin tí ọkùnrin já kulẹ̀. Giselle ti Masilo kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Pàṣán ló fi gba ẹ̀mí Albrecht. Sangoma, ìyẹn oníṣègùn ìbílẹ̀, ni Myrtha ọba àwọn iwin; ọkùnrin ló ń jó o, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Wili kì í ṣe obìnrin nìkan, aṣọ wọn kò sì funfun bíi ti àtijọ́: pupa dúdú ni. Philip Miller kọ orin tuntun tó fi ìlù àti ohùn Áfríkà kún ìró orin Adolphe Adam, ẹni tó kọ orin Giselle àtijọ́. William Kentridge, ayàwòrán ọmọ Gúúsù Áfríkà tí Masilo ti bá ṣiṣẹ́ nínú eré orí ìtàgé Refuse the Hour, ló ya àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn àti ikú rẹ̀

The Sacrifice (2021) fà láti ara The Rite of Spring, ijó tí Pina Bausch, aṣètò ijó ọmọ Jámánì, ṣe, ṣùgbọ́n ijó àwọn Tswana, ẹ̀yà Masilo fúnra rẹ̀, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn akọrin sì wà lórí ìtàgé pẹ̀lú àwọn oníjó. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Standard Bank Young Artist fún ijó lọ́dún 2008, àti Next Generation ti àjọ Prince Claus ti ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 2018. Àìsàn ránpẹ́ ló pa á ní Johannesburg lẹ́ni ọdún 39, lọ́dún kan náà tó gbé Hamlet jáde.