Irọ́ ni pé ọ̀dà kì í mú ohun ìṣeré olówó pọ́ọ́kú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ayò ogun orí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ère kéékèèké tí a kùn lọ́dà ta, máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: pé ohun ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ kò ṣeé sọ di ọmọ ogun, torí ọ̀dà kì í mú un, pé bó bá tiẹ̀ mú un, yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá eré orí tábìlì Dungeons & Dragons sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, lo ẹranko ike olówó pọ́ọ́kú láti Hong Kong fún àwọn abàmì ẹ̀dá orí tábìlì rẹ̀. Lára àwọn ẹranko ike yẹn ni àwọn abàmì ẹ̀dá tó ń jẹ́ owlbear, bulette àti rust monster ti jáde.

Ike kò jọ ike. Gé èérún kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ohun ìṣeré náà, fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi. Bó bá léfòó, polyethylene ni, ìyẹn ike àwọn sójà aláwọ̀ ewé inú àpò. Bó bá rì, tó sì rọ̀ bí rọ́bà, PVC ni: dáínósọ̀, ejò, ọ̀pọ̀ ẹranko oko. Èyí tó rì, tó sì le gan-an, polystyrene tàbí ABS ni, kò sì ní fún ọ ní wàhálà.

PVC ló bí ìgbàgbọ́ òdì yìí. Wọ́n máa ń po èròjà kan tó dà bí òróró mọ́ ọn kó lè rọ̀. Bí o bá fín ọ̀dà àkọ́kùn inú agolo sí i, omi olóòórùn tó mú ọ̀dà náà ṣàn lè fa òróró yẹn jáde, ọ̀dà kò sì ní gbẹ tán. Àwọn ènìyàn á wá fín òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ ìpele tó ń lẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ọ̀dà àkọ́kùn acrylic, irú èyí tí wọ́n fi omi ṣe, ni kí o lò, brọ́ọ̀ṣì ni kí o sì fi kùn ún. Kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti brọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Dán an wò lábẹ́ ikùn ẹranko náà ná.

Bí ọrùn tàbí ìrù bá wọ́, rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú kan, tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù ọ́, kí o sì kì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀.

Polyethylene nìkan ni àhesọ náà fi ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ọ̀dà á mú àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ á ṣí kúrò lára ìbọn tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gé ìbọn náà kúrò. Gúlùù lásán kì í mú un, nítorí náà lu ihò mìlímítà 1 sí ara sójà náà àti sí apá tuntun tí o fẹ́ fi sí i, kí o fi wáyà kílíìpù ìwé so wọ́n pọ̀. Sójà tó ga ní mìlímítà 54 á di òmìrán láàárín àwọn ère mìlímítà 28.

Ní ti yíyọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ère àlòkù, acetone (omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́) dára fún ère irin, àmọ́ á yọ́ polystyrene dànù. Ní Bìrìtéènì, Dettol aláwọ̀ igi ni ọ̀pọ̀ ń rẹ ère ike sí mọ́jú. Wọ ìbọ̀wọ́. Inú Dettol náà ni kí o ti fọ ọ̀dà tó rọ̀ kúrò, torí bí omi bá kàn án ṣáájú, á di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọṣẹ àti omi kàn. Ère irin tó ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1995 lè ní òjé nínú: omi ni kí o fi máa rin ín bí o bá ń fi fáìlì ha á, kí eruku má fò, kí o fọwọ́ kí o tó jẹun, má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.