Ètò àti iṣẹ́ láíbìrì àdúgbò

Láíbìrì àdúgbò, táwọn míì ń pè ní ilé ìkàwé gbogbogbòò, ni ilé ìkàwé tí wọ́n ń fi owó ìlú gbé dúró, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìjẹ́ pé ó jẹ́ ọmọ iléèwé kan tàbí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan. Ìwé yíyá ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ibẹ̀ ti kọjá ìyẹn, wọ́n ń ka ìtàn fọ́mọdé, wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bá ẹni tó ń wáṣẹ́ tún ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ kọ, wọ́n sì ń pe òǹkọ̀wé wá bá àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ètò tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á sì tún gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kàlẹ́ńdà yẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá láíbìrì kan wúlò fáwọn tó yí i ká, torí ṣẹ́ẹ̀fù lè kún fọ́fọ́ kí ẹnì kankan má sì wọlé síbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilé ìkàwé ti wà látayébáyé, àmọ́ tọba, tàwọn àlùfáà àti tàwọn ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí owó orí ń gbé dúró, tó tún jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ní 1833, àwọn ará ìlú Peterborough ní ìpínlẹ̀ New Hampshire l'Amẹ́ríkà fẹnu kò pé kí wọ́n yọ lára owó ìlú ra ìwé tí gbogbo ará ìlú á lè máa yá, ibẹ̀ sì làwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1850 ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó gba àwọn ìlú láyè láti lo owó orí fún láíbìrì, ti Manchester ṣílẹ̀kùn ní 1852, ti Boston l'Amẹ́ríkà náà tẹ̀ lé e ní 1854.

Lẹ́yìn wọn ni Andrew Carnegie dé, ọlọ́rọ̀ tó rówó nídìí òwò irin. Láàárín 1883 sí 1929, owó rẹ̀ kọ́ láíbìrì tó lé ní 2,500 káàkiri ayé. Kì í kàn ń pín owó ṣáá o, àdéhùn wà ńbẹ̀, ìlú tó bá fẹ́ láíbìrì ló máa wá ilẹ̀, ìlú yẹn náà ló sì máa ṣèlérí owó tí á máa yọ lọ́dọọdún láti fi ra ìwé àti láti fi sanwó òṣìṣẹ́. Àdéhùn yẹn bọ́gbọ́n mu gan-an, torí ilé kíkọ́ kọ́ ló ń dáni lágara, títọ́jú rẹ̀ ni.

UNESCO, ìyẹn ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbé ìwé ìlànà jáde lórí láíbìrì gbogbogbòò ní 1949, wọ́n tún un ṣe ní 1972, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú IFLA, ìyẹn àjọ àwọn láíbìrì lágbàáyé, ní 1994 àti ní 2022. Kókó ibẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ láíbìrì wà fún gbogbo èèyàn bákan náà, ọmọdé àti àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe àti èdè yòówù kí wọ́n máa sọ, kó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. UNESCO tún bá wọn dá láíbìrì àwòkọ́ṣe sílẹ̀ láwọn ibì kan káyé lè rí i pé ó ṣeé ṣe, Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1951, Medellín ní ilẹ̀ Kòlóńbíà ní 1954, Enugu ní 1959.

Ètò tó máa ń wà nínú kàlẹ́ńdà

Ètò tí wọn kì í fi ṣeré ni ìtàn kíkà fọ́mọdé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, wọ́n á sì pín in ní ọjọ́ orí, ọmọ ọwọ́ lọ́tọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ́tọ̀, àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ iléèwé náà lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń kàwé á jókòó sórí àga kékeré, á na ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ni àwòrán rẹ̀ kọjú sí, òun fúnra rẹ̀ á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú kà á. Orin kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè mọ̀ pé ó ti yá, lẹ́yìn náà ìwé kan, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tàbí kí wọ́n fò díẹ̀, ìwé mìíràn, kò sì ní ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ nítorí ọmọ ọdún méjì kò lè jókòó jẹ́ẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wo wọ́n lókèèrè á rò pé eré lásán ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìkàwé gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọmọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ nílé, ó ń mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ojú ewé, ó ń gbọ́ bí ìró ọ̀rọ̀ kan ṣe jọ òmíì, gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló sì máa ràn án lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé álífábẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀. Àwọn òbí náà ń rí nǹkan mú lọlé: wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ka ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìsú ọmọ, wọ́n sì bá ẹlòmíì tó lọ́mọ kékeré sọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ti wà nílé látàárọ̀.

Tí iléèwé bá gba ọlidé gígùn, ìdíje kíkàwé ló máa ń gbapò. Ọmọ á gba káàdì tàbí ìwé pélébé kan, á máa kọ orúkọ ìwé tó bá kà síbẹ̀, tó bá ti dé iye kan wọ́n á fún un lẹ́bùn kékeré. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni pé ọmọ tí kò ṣí ìwé rárá nígbà ọlidé máa ń gbàgbé nínú ohun tó ti kọ́. Èyí tó dáa jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni èyí tó jẹ́ kọ́mọ fúnra rẹ̀ mú ìwé tó wù ú, kódà kó jẹ́ ìwé àwòrán ẹlẹ́fẹ̀, torí tí wọ́n bá sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Fáwọn ọ̀dọ́, wọ́n lè fi ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́ iléèwé sí i, géèmù, kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láwọn ibòmíì wọ́n á ní ẹ̀rọ prínǹtà 3D, èyí tó ń mú nǹkan gidi téèyàn lè fọwọ́ mú jáde dípò ìwé.

Ní ti àwọn àgbà, ẹgbẹ́ kàwékàwé ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á mú ìwé kan, láíbìrì á wá ẹ̀dà púpọ̀ rẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i kà, oṣù kan lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó yí ká tábìlì, wọ́n á máa sọ ohun tí kálukú rí nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kéèyàn fẹ́ràn ìwé náà, àwọn tó kórìíra rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbóná. Wọ́n tún máa ń ṣe ìjókòó èdè fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀lú, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí owó àti òfin, àfihàn fíìmù, àti ìpàdé tí èèyàn fúnra rẹ̀ á ti dúró bí ìwé, tí wọ́n á "yá" a fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Copenhagen ní Denmark nìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kíláàsì kọ̀ǹpútà kì í sábà wu àwọn ọ̀dọ́ létí, àmọ́ òun ló ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìtìjú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ńbẹ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú, bí wọ́n ṣe ń ṣí ímeèlì, bí wọ́n ṣe ń mú pásíwọ́ọ̀dù tí kò ní rọrùn mọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn oníjìbìtì fi ránṣẹ́ mọ̀, àmọ́ láyé tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àti fọ́ọ̀mù ìjọba, ẹni tí kò mọ ìwọ̀nyí ti jókòó síta nìyẹn.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí láíbìrì káàkiri ayé jọ ń ṣe. 2 Oṣù Kẹrin ni ọjọ́ ìwé àwọn ọmọdé lágbàáyé, ọjọ́ ìbí Hans Christian Andersen, ará Denmark tó kọ ìtàn fọ́mọdé, ni wọ́n fi ṣe é, àti 1967 ló ti wà. 23 oṣù yẹn kan náà ni ọjọ́ ìwé lágbàáyé tí UNESCO yà sọ́tọ̀ ní 1995, ọjọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sì ni 8 Oṣù Kẹsàn-án.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìkéde

Ìkéde tí kò pé ń lé èèyàn sẹ́yìn. Ọjọ́ àti aago ni gbogbo wọn máa ń rántí, wọ́n á wá gbàgbé láti sọ ọjọ́ orí tí ètò wà fún, aago tó máa parí, bóyá èèyàn gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, bóyá àyè ò ní tó, bóyá ọ̀nà wà fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àti bóyá ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ fáwọn adití á wà níbẹ̀. Òbí tó lọ́mọ mẹ́ta ò ní wọ mọ́tò wá tí kò bá mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí àbúrò wọlé tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ọ̀fẹ́ ni, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé wọ́n á gbowó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé yíyá àti àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́

Káàdì ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á béèrè ohun tó fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni hàn, tó bá jẹ́ ọmọdé òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ á bá a fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń fún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lórí ìwé kan, èèyàn sì lè ní kí wọ́n fi ọjọ́ kún un àyàfi tí ẹlòmíì bá ti ń dúró dè é. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé, ọgbọ́n tí Melvil Dewey, òṣìṣẹ́ láíbìrì l'Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1876 ni ọ̀pọ̀ láíbìrì fi ń tò ó, ó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, 500 ni sáyẹ́ǹsì, 900 ni ìtàn àti ilẹ̀ ayé, torí náà ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lò ní láíbìrì kan ò ní ṣìnà ní òmíì tó bá ń lò ó.

Tí ìwé téèyàn fẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, á forúkọ sílẹ̀ dè é. Ìgbà tí wọ́n bá dá ìwé náà padà, òṣìṣẹ́ á fi ẹ̀rọ ka àmì tó wà lára rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ké, á sọ fún un pé ẹnì kan ti wà nílẹ̀, pépà kékeré á jáde, wọ́n á fi há inú ìwé, wọ́n á gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù tó wà nítòsí káńtà, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì lọ sórí fóònù ẹni tó ń dúró. Tí kò bá wá gbé e láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Tí láíbìrì náà ò bá ní ìwé yẹn rárá, ó lè bá a yá a lọ́wọ́ láíbìrì ìlú mìíràn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà nìyẹn.

Ìwé orí ẹ̀rọ àti ìwé tí wọ́n ń tẹ́tí gbọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn le díẹ̀. Àwọn tó ń yá a máa ń bínú pé kí ló dé tí àwọn ń tò sí ìlà nítorí nǹkan tí kì í tán. Ohun tó fà á ni pé láísẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ láti lo ìwé, ni láíbìrì sábà ń rà, kì í ṣe ìwé gan-an, láísẹ́ńsì kan sì sábà máa ń jẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíì máa ń parí lẹ́yìn ọdún méjì, òmíì lẹ́yìn iye ìgbà kan tí wọ́n bá ti yá a, láíbìrì á tún san òmíì. Owó rẹ̀ sì lè ju owó tí ẹnì kan á fi ra ìwé kan náà fúnra rẹ̀ lọ dáadáa.

Owó ìtanràn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Chicago fagi lé owó tí wọ́n ń gbà lórí ìwé tó pẹ́ ní 2019, láíbìrì New York ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2021, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì ti tẹ̀ lé wọn. Ìdí ni pé àwọn ọmọ tálákà ló ń dáwọ́ dúró torí gbèsè táṣẹ́rẹ́, wọ́n á kúkú sá fún láíbìrì. Ẹni tó bá sọ ìwé nù ṣì máa san owó rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń prínǹtì, wọ́n ń ṣe fótòkọ́pì, Wi-Fi wà, yàrá ìpàdé wà téèyàn lè forúkọ sílẹ̀ gbà, òṣìṣẹ́ sì wà lórí tábìlì ìbéèrè tó lè báni wá ibi tí ìdáhùn wà. Òṣìṣẹ́ yẹn kì í ṣe dókítà tàbí lọ́yà, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ṣe báyìí tàbí báyẹn, ìwé tó ṣeé fọkàn tán ló máa fi lé e lọ́wọ́. Bákan náà, ohun téèyàn ń kà jẹ́ àṣírí láàárín òun àti láíbìrì.

Àwọn tí kò lè wá

Láti 1905 ni Mary Titcomb, òṣìṣẹ́ láíbìrì kan, ti ń fi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà gbé ìwé lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Hagerstown ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, lónìí mọ́tò ló ń ṣe é, tí wọ́n tò ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì nínú. Kàlẹ́ńdà ti mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ le ju ti ilé lọ, ibi kan náà, aago kan náà, torí àwọn arúgbó á ti jáde wá dúró. Fún ẹni tí kò lè jáde rárá, òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ á gbé ìwé lọ bá a nílé.

Ìwé onílẹ́tà gàdàgbà àti ìwé tí wọ́n ń tẹ́tí gbọ́ wà fẹ́ni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ti Braille tí afọ́jú ń fi ìka kà náà wà, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ìwé irú èyí ti ṣọ̀wọ́n torí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé e kọjá ẹnubodè. Àdéhùn Marrakesh tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ló ṣí ọ̀nà yẹn, láíbìrì lórílẹ̀-èdè kan tó wà nínú rẹ̀ lè fi ẹ̀dà tí afọ́jú lè lò ránṣẹ́ sí ti orílẹ̀-èdè míì tó wà nínú rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé.