Iná pupa yẹn kọ́ ló ń wọn ooru o

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Ní Adó-Èkìtì níbí, mẹkáníìkì, àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àwọn oníbúrẹ́dì, ọ̀pọ̀ ti ń ra ìbọn tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan ṣe gbóná tó, wọ́n sì gbà wípé iná pupa ẹnu ẹ̀ ló ń lọ kan nǹkan náà tó ń gbé ooru ẹ̀ bọ̀. Rárá. Iná pupa kàn ń júwe ibi tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ kọ ni, ẹ fọwọ́ bo ojú iná náà nìkan, nọ́ńbà á ṣì jáde. Gbogbo nǹkan ló ń tú ooru tí ojú ò rí jáde, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, William Herschel, ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1800, ooru yẹn ni ẹ̀rọ ń gbà wọlé. Àwọn tó ń na ọwọ́ dípò iwájú orí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní 2020, nígbà kòrónà, torí kí ọpọlọ wọn má bàa jóná, kò sóhun tí ìbọn tí wọ́n fi yẹ̀ wọ́n wò nígbà náà rán wọlé sí wọn lórí.

Ibi tí mo ti ń pariwo gan-an ni irin tó ń dán. Ẹ gbé omi kaná nínú ìkòkò alumíníọ̀mù tuntun tó ń dán gbinrin, omi ti ń hó, ẹ wá dojú ìbọn kọ ara ìkòkò, ó lè pe 40 fún yín, ẹlòmíì á ní kò tíì gbóná, á sì fọwọ́ lásán gbé e! Irin dídán kì í tú tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ooru tí nǹkan dúdú ń tú jáde, ṣe ló dà bíi jígí, ooru ògiri àti ti ara yín ló ń dá padà sínú ẹ̀rọ. Páànù tuntun lórí ilé ńkọ́, ojú ọ̀run ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ ń kà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan wà nínú ìbọn tó ń sọ bí ojú nǹkan ṣe ń tú ooru jáde dáadáa tó (emissivity), 1 ló ga jù; ọ̀pọ̀ ìbọn olówó pọ́ọ́kú, 0.95 ni wọ́n ti sẹ́tì ẹ̀ sí látilé iṣẹ́, ìyẹn bá ìkòkò tí èéfín ti sọ dúdú mu, ó bá omi, igi àti ọ̀dà mu, kò bá irin dídán mu rárá.

Téèpù dúdú tí àwọn rewáyà ń lò ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ irin náà kó tó gbóná, tó bá ti gbóná tán kẹ́ ẹ wọn orí téèpù. Àmọ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ sàìlẹ́ńsà, á yọ́. Ẹ tún súnmọ́ ọn débi tó yẹ, èyí tí wọ́n kọ 12:1 sí, tẹ́ ẹ bá jìnnà tó sẹ̀ntímítà 120, ibi tó ń kà ti fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 10.

Bóyá nọ́ńbà tó bá jáde á ṣì yẹ̀ díẹ̀, n ò lè búra, ṣùgbọ́n ó sàn jìnnà sí ti irin dídán. Àti ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, iná pupa yẹn tí ò wọn ooru, ó lè ba ojú jẹ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọdé, ẹ má sì tàn án sára irin tó máa dá a padà sójú yín.