Máílééjì ọkọ̀ àti owó-orí: èwo ló kàn wá níbẹ̀?

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn onímọ́tò l'Ábẹ́òkúta kò yéé bi wá nípa máílééjì, ìyẹn iye ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn, tó wà lójú mítà ọkọ̀ wọn. Ìdáhùn rèé.

Ṣé ìjọba yóò máa gba owó-orí lórí iye kìlómítà tí mo bá rìn?
Rárá.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde?
Ti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ fídíò tẹ́ ẹ̀ ń wò. Lọ́hùn-ún, ẹni tó fi ọkọ̀ ṣòwò lọ́dún 2025 lè yọ 70 sẹ́ǹtì lórí máìlì kan kúrò nínú èrè rẹ̀ kí wọ́n tó bu owó-orí lé e. Tiwa kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ìnáwó òwò gan-an ni òfin wa gbà ká yọ: epo, táyà, owó mẹkáníìkì.

Ibẹ̀ ló ti máa ń dojú rú. Ọkọ̀ tó kó àdìrẹ láti Ìtòkú lọ Èkó ní Mọ́ńdè, òun náà ló kó ẹbí lọ òde ìyàwó ní Sátidé. Epo Sátidé kì í ṣe ti òwò, bó ti wù kẹ́ ẹ pín káàdì ọjà tó níbẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀: déètì, ibi tẹ́ ẹ lọ, ohun tẹ́ ẹ lọ ṣe, iye tó wà lójú mítà nígbà tẹ́ ẹ gbéra àti nígbà tẹ́ ẹ dé. Bí ọkọ̀ bá rin 20,000 kìlómítà lọ́dún, tí 12,000 jẹ́ ti ọjà, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn pé 60 nínú 100 ìnáwó rẹ̀ ló jẹ́ ti òwò. Ẹ tọ́jú rìsíìtì pẹ̀lú.

Olówó oṣù ni mí ńkọ́?
Ẹ má wulẹ̀ ra ìwé kékeré yẹn. Láti ilé dé ọ́fíìsì kì í ṣe òwò.

Ṣé máílééjì wà nínú pátíkúlà?
Kò sí níbẹ̀. Owó pátíkúlà ọdọọdún ń tẹ̀lé irú ọkọ̀ àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó.

Tòkúnbọ̀ tí mo fẹ́ rà ní 60,000 lójú mítà. Ṣé kí n gbà á gbọ́?
60,000 kí ni? Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, máìlì ni, ìyẹn sì ju 96,500 kìlómítà lọ. Ti Jámánì àti Kánádà, kìlómítà ni. Ẹ wá wo rọ́bà tẹ́ ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lórí bíréèkì. Bó bá ti jẹ títí irin fi yọjú, tí awọ sítíárìn sì ti bó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fa mítà yẹn sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ 2011 síwájú, òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń tà á kọ iye ojú mítà sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi pé 20 ọdún. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí rẹ̀, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀, wá ìtàn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ṣé wọ́n lè dá mi dúró ní Láfẹ́nwá nítorí máílééjì?
Pátíkúlà tó ti kú ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Mo fẹ́ ta tèmi. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù lójú ẹni tó ń rà á. Ẹ kọ iye ojú mítà, déètì àti aago sínú ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Bó bá lọ kọlu èèyàn lọ́jọ́ kejì, tí orúkọ yín ṣì wà lórí ọkọ̀, ìwé yẹn ló máa gbè yín lẹ́sẹ̀. Ẹ sì tẹ̀ lé e lọ yí orúkọ padà. "Màá ṣe é tó bá yá" kì í yá.