Ìdí-igi, opó, àti ìdánwò tí àṣà ń ṣe ní kóòtù

Kóòtù Nàìjíríà ka àṣà ìbílẹ̀ sí òfin, pàápàá lórí ogún àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àṣà ló ń yege. Abala 18 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí wọ́n má ṣe lo àṣà tó bá lòdì sí ìdájọ́ òdodo, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Èyí ni àwọn lọ́yà ń pè ní repugnancy test. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dé. Ó ti wà nínú òfin kóòtù wọn l'Ékòó láti 1876.

Ẹ̀rí-ọkàn ta wá ni? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ wo ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Ọkùnrin kan kú, ó fi ọmọ 9 sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Bí a bá fi ìdí-igi pín ogún rẹ̀, ọ̀nà 4 ni: ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kan bí á gba iye tí ọmọ mẹ́ta ìyá mìíràn máa jọ pín. Orí-ò-jorí ńkọ́? Ọ̀nà 9, kálukú gba tirẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá òdodo mu. Àwọn kóòtù tó ga jù ú lọ kò gbà, títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, kóòtù tó ga jù lọ fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962: wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi òdodo ilé oníyàwó kan wọn ilé olóbìnrin púpọ̀. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn.

Kóòtù kò sì lè tún àṣà rọ. Ẹjọ́ Èṣùgbàyí, Ọba Èkó, ní 1931 ló fìdí èyí múlẹ̀: kí wọ́n gbà á bó ṣe rí, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Àwọn tó ni àṣà nìkan ló lè yí i padà.

Òṣùwọ̀n tó dá mi lójú jù ni Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, nítorí ó wà lákọsílẹ̀. Abala 42 rẹ̀, tó ní kí a má ṣe fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ni kóòtù tó ga jù lọ fi wó àṣà Ígbò tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀, nínú ẹjọ́ Ukeje ní 2014.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀. Opó ni kì í jogún ọkọ. Orúkọ ìyá la fi ń ka ìdí-igi, ìyá fúnra rẹ̀ kò sì ní ìpín níbẹ̀. Kóòtù tó ga jù lọ tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 1997, nínú ẹjọ́ Akínnúbi. Èmi ò rí ìdí tí abala 42 tó gba ọmọbìnrin Ígbò sílẹ̀ kò fi ní gba opó Yorùbá.