Àìtó G6PD àti ewu oògùn ní Ìkòròdú

Àìtó G6PD jẹ́ àrùn àjogúnbá. Ẹni tó bá ní in kò ní ẹ́ńsáìmù (èròjà inú ara) tó ń jẹ́ G6PD tó pọ̀ tó láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá: nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 ló ní in. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, torí pé ara wọn le koko títí dìgbà tí àìsàn tàbí oògùn kan bá ta á jí.

Primaquine, oògùn ibà, ló tú àṣírí àrùn náà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1956. Àwọn oògùn míì, dapsone, nitrofurantoin àti methylene blue, náà léwu. Oògùn ibà Lapdap, tí dapsone wà nínú rẹ̀, ni wọ́n kó kúrò lọ́jà ní 2008 nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Artemether-lumefantrine tí dókítà sábà máa ń kọ fún ibà kò sí lára àwọn eléwu náà. Bí oògùn eléwu bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó ní àrùn náà, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ìtọ̀ á dúdú bíi Coke, ojú á pọ́n rúsúrúsú, òòyì á sì máa kọ́ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti Sábó dé Ìgbógbó, oníbàárà lè ní ara ń ro òun, kí olóògùn gé hóró méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kó dì í sínú ọ̀rá kékeré tí kò ní àkọlé. Bí ìtọ̀ bá wá dúdú lọ́jọ́ kejì, kò sí orúkọ oògùn tí dókítà máa rí kà.

Ti ọmọ tuntun ló burú jù, kì í sì í ṣe oògùn nìkan ló ń fà á. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò, tí wọ́n ti fi káńfọ̀ (bọ́ọ̀lù funfun olóòórùn tó ń lé kòkòrò) tọ́jú sínú àpótí, ni wọ́n sábà máa ń kó jáde fún un. Èròjà inú káńfọ̀ náà ń gba awọ ara àti imú wọlé, ó sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tó ní àrùn yìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ yìí ló ń fa ibà pọ́njú, tí ojú ọmọ fi ń pọ́n rúsúrúsú. Ibà pọ́njú tó bá le lè wọ inú ọpọlọ, kó di ọmọ létí tàbí kó sọ ọ́ di arọ. Nítorí náà, ẹyinjú ọmọ ni kí ìyá máa wò nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Bó bá ti ń pọ́n, ilé ìwòsàn ni kó gbé e lọ lọ́jọ́ náà, níbi tí iná búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà pọ́njú wà. Oòrùn àárọ̀ àti omi glukóòsì kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi àrùn náà hàn. Àmọ́ bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ tán, èsì lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan, torí pé sẹ́ẹ̀lì tuntun ló kún inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.